Omi Eérú Tí Mo Fi Bó Ọ̀dà Mọ́tò Báyọ̀dé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá tí mi ò sọ fún ẹnì kankan rí títí di oṣù tó kọjá. Oṣù tó kọjá náà la sin àbúrò mi, Báyọ̀dé. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá bu òkèlè, kì í lọ.

Mi ò kàwé jìnnà, nítorí náà ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ìgbà yẹn, ẹ béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni tó gbé àdúgbò wa lọ́wọ́ mi, màá sọ ọ́.

Ọ̀wọ̀ la wà. Ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, Báyọ̀dé jẹ́ ọmọ ọdún méje. Baba wa, Sámúẹ́lì, ń wa lọ́rì tó ń kó kòkó bọ̀ láti Ùsò àti Iyere. Ìyá wa, Iye là ń pè é nílé, ọṣẹ dúdú ló ń sè. Ẹ ò tíì rí ọṣẹ tó dára tó bẹ́ẹ̀ o! Láti Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti ń wá rà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń sè é, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tí wọ́n bá la kòkó tán lóko, Iye kì í jẹ́ kí wọ́n da èèpo rẹ̀ nù. Á sá a gbẹ, á jó o di eérú, á kó eérú náà sínú àjẹrẹ, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, á wá máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ ni omi eérú. Òun ni wọ́n ń pò mọ́ àdín tí wọ́n á gbé kaná títí yóò fi di ọṣẹ.

Omi tó bá kọ́kọ́ kán ló le jù. Ó ń gba ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin kó tó kún ìkòkò kékeré kan, Iye á tún sè é kó lè ki sí i. Á wá ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú rẹ̀. Tí irun ìyẹ́ yẹn bá bó, tó ku igi rẹ̀ nìkan, ó ti tó nìyẹn. Bí àgbo gẹ́lẹ́ ni àwọ̀ rẹ̀ rí.

Òfin méjì ni Iye ṣe fún wa lórí omi yìí. A ò gbọdọ̀ bù ú sínú igbá tàbí abọ́ páànù, torí yóò jẹ ẹ́. Ife tánganran funfun kan ló fi ń bù ú, ó so òwú dúdú mọ́ etí rẹ̀ kí a lè dá a mọ̀. Èkejì, a ò gbọdọ̀ da ẹ̀kán kan rẹ̀ nù. Ẹni tó bá dúró ti àjẹrẹ fún ọjọ́ mẹ́rin ló mọ ìdí rẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ mọ́tò wá kàn.

Òyìnbó kan tó ń wọn igi nínú igbó ìhà Ọ̀sẹ̀ ló fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fún baba mi ní lọ́rì kékeré kan tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ má rò pé èyí tí a máa ń fi agolo ṣe ni mò ń wí. Irin ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà lára lọ́rì gidi tí kò sí lára rẹ̀. Iná iwájú rèé, ilẹ̀kùn rèé, táyà rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ọwọ́ ìdarí rẹ̀ wà nínú níbẹ̀ tó kéré bí òrùka. Bí ẹni pé wọ́n mú lọ́rì baba mi, wọ́n sọ ọ́ di kékeré.

Ohun kan péré ni kò jọ. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kun ún, ó sì ti ń bó káàkiri. Orí lọ́rì baba mi pupa. Báyọ̀dé kò jẹ́ ká sinmi. Àfi kí mọ́tò òun náà pupa kí baba wa tó dé lọ́jọ́ Sátidé!

Mo mú un lọ bá Rájì. Rájì ló ń kun ọ̀dà sára mọ́tò nítòsí ọjà, òun náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú wọn, ẹni jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn àwàdà ni. Ó yí mọ́tò náà lọ́wọ́, ó bi mí bóyá aṣọ méjì ni mo fẹ́ kó wọ̀ fún un nínú ooru yìí. Ó ní ọ̀dà tuntun kì í dúró lórí ọ̀dà tó ń bó, pé kí n bó èyí tó wà lára rẹ̀ kúrò pátápátá ná, kí irin hàn, kí n wá gba pupa díẹ̀ lọ́wọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fún mi ní sáńpépà.

Mo fi sáńpépà yẹn gbo ó títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Etí ilẹ̀kùn kò ṣeé dé, abẹ́ iná kò ṣeé dé. Nígbà tí mo padà lọ, Rájì ní omi kan wà tí àwọn fi ń jẹ ọ̀dà kúrò lára mọ́tò, ṣùgbọ́n òun ò lè gbé irú rẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́, torí pé ó ń bó ni lára.

Ó ń bó ni lára kẹ̀? Ṣé èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa kì í bó ọwọ́ Iye ni?

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ibà mú Báyọ̀dé. Iye se àgbo fún un. Èmi ló ń bù ú fún un lọ́sàn-án: màá bù ú sínú ife funfun kejì, èyí tí kò ní òwú, màá fi àwo bò ó, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀ kó lè tutù. Báyọ̀dé àti àgbo, ọ̀tá ni wọ́n. Á sunkún, á kó o sẹ́nu, tí mo bá ti yíjú á lọ tu ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Alángbá tó ń gbé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, mi ò rò pé ibà tún mú un mọ́ láyé rẹ̀.

Nítorí náà mo bá a ṣe àdéhùn ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ní tó bá mu àgbo ọ̀sán rẹ̀ tán, láìsunkún, láìtu ẹ̀kán kan, màá kun mọ́tò rẹ̀ ní pupa lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní kí n búra. Mo búra.

Nígbà tó sùn, Iye ń ṣẹ́ igi lẹ́yìn ilé. Mo yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bu omi eérú àkọ́kán sínú ife olówùú dúdú, mo ju mọ́tò sínú rẹ̀. Mo gbé e wọ yàrá kí Iye má bàa rí mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣiṣẹ́! Kò pẹ́ tí ọ̀dà náà fi wú, tó ń hunjọ bí awọ orí wàrà. Mo fi igi kékeré yọ mọ́tò jáde, mo fi èkísà nù ún, ọ̀dà ewé ń ṣí tẹ̀lé èkísà. Ó ku irin lásán, ó ń dán. Inú mi dùn tí mi ò lè ṣàlàyé.

Ṣé kí n da omi yẹn nù? Ọjọ́ mẹ́rin ni Iye fi dúró tì í. Mo rò ó pé tí mo bá dé, màá sẹ́ ẹ kí èérún ọ̀dà lè kúrò nínú rẹ̀, kí n dà á padà sínú ìkòkò. Mo fi àwo bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítòsí ẹní Báyọ̀dé, torí ibẹ̀ ni Iye kì í gbálẹ̀ tí ọmọ bá ń sùn.

Mo sáré lọ gba ọ̀dà pupa lọ́wọ́ Rájì.

Ẹ ti rí ibi tó ń lọ. Ọmọ náà jí. Ó rí ife funfun, àwo bò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ó rántí àdéhùn wa. Ó di imú rẹ̀, ó sì gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, kó má bàa tọ́ ọ wò.

Láti ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ igbe. Nígbà tí mo dé, Iye gbé e lé itan, ètè rẹ̀ ti funfun, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì. Abígẹ́lì, àbúrò baba mi obìnrin tó ń gbé ilé kejì, ti sáré gbé epo pupa dé. Wọ́n la ẹnu rẹ̀, wọ́n rọ epo fún un, kó lè bì í. Ó bì í. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Kò sí ilé kan ní òpópónà wa tí wọn ì bá má ṣe bẹ́ẹ̀. Epo pupa la mọ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà wá sọ fún wa pé omi yẹn jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nígbà tó ń lọ, ó tún jó o nígbà tó ń bọ̀.

Iye gbé ọmọ lé Abígẹ́lì lọ́wọ́, ó wọ yàrá, ó sì rí ife náà nílẹ̀ pẹ̀lú òwú dúdú létí rẹ̀. Ó wò ó. Ó wo inú rẹ̀. Ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ọmọ rẹ̀ ń kígbe, ó ń fọ ife! Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni.

Tìmótíù aránṣọ gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, èmi ń sáré tẹ̀lé wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn Iye gan-an ni mo dúró sí, agolo ọ̀dà pupa ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Iye ní, “Èmi ni. Èmi ni mo gbé e wọlé, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.”

Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Ìyẹn ni ohun tí mo ṣe.

Báyọ̀dé kò kú nígbà yẹn. Wọ́n ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ láti fún un lóúnjẹ, ó sì lé ní oṣù kan kó tó padà wálé. Ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Ohùn rẹ̀ ti ha, ohùn náà kò sì yí padà títí tó fi kú. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti fún pọ̀, pé lóṣooṣù ni ká máa gbé e wá kí wọ́n máa ti rọ́bà bọ̀ ọ́ kó má bàa dí. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló lè jẹ. Iyán tí à ń gún lójoojúmọ́, ó di ohun tó ń fojú wò.

Ọjọ́ kejì tó dé, ó béèrè mọ́tò rẹ̀. Mo ti fi pamọ́ sábẹ́ àpótí, ó ti ń dípẹtà. Rájì wá kí i, ó ní òun yóò kun ún fún un báyìí báyìí. Báyọ̀dé mi orí, ó nawọ́ sí mi. Èmi ni mo ṣe ìlérí.

Mo gbo ìpẹtà kúrò, mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Rájì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun ún lójú gbogbo wọn. Iye wà níbẹ̀. Abígẹ́lì wà níbẹ̀. Rájì ní kí n má fi ọ̀dà pọ̀ jù, kó má bàa ṣàn. Báyọ̀dé ń wò mí, ó wá fi ohùn híha yẹn sọ pé, “Sìsí, mo mu gbogbo rẹ̀, àbí mi ò mu ún tán?”

Abígẹ́lì rò pé ẹ̀kọ àárọ̀ ló ń wí. Ó ní o mu ún tán, ọmọ dáadáa. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo jáde. Rájì ló bá mi kun ìyókù.

Abígẹ́lì yìí kan náà ni kò fi Iye lọ́rùn sílẹ̀. Láàárọ̀, lálẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní obìnrin kan ń bẹ tó fi ọṣẹ fọ ọ̀fun ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Tí Iye bá kọjá, Abígẹ́lì á béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ bóyá wọ́n ti yẹ inú ife wọn wò. Baba mi kò lé Iye, kò lù ú. Ó kàn dẹ́kun láti máa jẹun nílé ni. Tó bá ti Ùsò dé, ilé Abígẹ́lì ni yóò ti jẹun kó tó wọlé.

Iye fọ́ àjẹrẹ rẹ̀. Kò se ọṣẹ mọ́ láéláé. Ó lọ ń ro oko ní Iyere, mo sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n rò pé ọmọ rere ni mí. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: láti ọjọ́ yẹn títí tí Iye fi kú, kò fi iyán kan ẹnu. Ohun tí ọmọ rẹ̀ kò lè gbé mì, òun náà kò gbé e mì.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù nínà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù pé wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi dákẹ́. Nígbà tí mo di ìyàwó ilé, mo ní ó ti pẹ́ jù. Irọ́ lásán, kò tíì pẹ́ nígbà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbìyànjú. Iye ti dùbúlẹ̀ àìsàn tó pa á. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Mo ní, “Iye, ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Báyọ̀dé lọ́jọ́ yẹn…”

Ó ní, “Ife wo? Mo ti fọ̀ ọ́.”

Ó yíjú sí ògiri. Títí di òní mò ń bi ara mi: ṣé ó rí èérún ọ̀dà àwọ̀ ewé nísàlẹ̀ ife náà? Ṣé ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èmi ni, tó sì fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹlòmíràn má bàa rí i? Mo gbà pé ó mọ̀. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Báyọ̀dé kàwé. Ó di akọ̀wé ìjọba ní Àkúrẹ́, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́kọ, torí níbi àpèjẹ, kọ́ọ̀bù ẹ̀kọ rẹ̀ ló ń gbé kiri. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀kọ náà kò lọ mọ́. Dókítà ní kókó burúkú ti hù lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ojú ọgbẹ́ àtijọ́ yẹn gan-an ló sì ti hù. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí! Omi tí mo bù lọ́jọ́ yẹn kò dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó tì í ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní láti sọ fún un. Ojoojúmọ́ ni mo ń múra láti sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń rí ìdí tí yóò fi di ọ̀la. Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo lọ pọn omi gbígbóná wá láti fi nu ara rẹ̀, mo bá a tó ti dákẹ́.

Níbi ìsìnkú, wọ́n pín ìwé pélébé tó ní àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn fún wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bánkọ́lé, àkọ́bí rẹ̀, ló dìde ka ìtàn ìgbésí ayé baba rẹ̀. Ó kà á dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé nígbà tí olóògbé wà lọ́mọ ọdún méje, ó mu omi eérú nípasẹ̀ àìbìkítà ìyá rẹ̀.

Àìbìkítà ìyá rẹ̀. Wọ́n kà á sókè, nínú ilé Ọlọ́run, níwájú gbogbo ènìyàn. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a ti ibojì dé, mo pe Bánkọ́lé sápá kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: mọ́tò, ife, àdéhùn, nọ́ọ̀sì. Mi ò sunkún. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, “Màmá, wọ́n ti pín in tán.” “Ìyá Dádì ti lọ. Dádì ti lọ. Ta ló wá kù tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ fún?”

Kò bínú. Ì bá bínú kó sàn fún mi.

Mo gbé ìbéèrè yẹn wálé. Mo ro orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Sámúẹ́lì, Abígẹ́lì, Rájì, Tìmótíù. Kò ku ẹnì kankan. Nítorí náà, ẹ̀yin ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n ni mò ń sọ ọ́ fún, torí ìwé tí wọ́n tẹ̀ yẹn yóò wà nílé àwọn ènìyàn, mo sì fẹ́ kí ìwé mìíràn wà.

Kí lẹ ó rí kọ́ níbẹ̀? Ohun tó ń jó ni, ẹ má bù ú sínú ohun tí ènìyàn fi ń mumi, kì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá sì ṣèèṣì mu ún, ẹ má rọ epo fún un, ẹ má mú kó bì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyẹn rọrùn láti sọ. Èyí tó kù ni pé tí wọ́n bá di ẹ̀bi yín ru ẹlòmíràn, ẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí onítọ̀hún ṣì lè gbọ́ ọ. Ẹ má dúró di ìgbà tí ara yín bá gbà á. Ara kì í gbà á.

Tí ẹnì kan bá wà nínú yín tí irú èyí wà nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ síbí, sábẹ́ tèmi, kí gbogbo wa kà á. Kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ ara yín. Orúkọ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ni kí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Dọ̀káàsì ni orúkọ ìyá mi. Kì í ṣe òun.